Ìrìn-àjò sí Aspen ní Ìgbà Òtútù

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà púpọ̀ bá wọ ọjà kan náà, iṣẹ́ mìíràn tún dé nìyẹn, nítorí pé arìnrìn-àjò ní láti mọ èyí tí ó bá àkókò rẹ̀ mu. Ọ̀nà tí ó rọrùn ní oṣù July lè di ọ̀nà ikú ní oṣù January. Ibi kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba ni àwọn òkè ńlá tí a ń pè ní Rocky, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ìlú kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aspen wà.

Ìlú àwọn awakùsà fàdákà ni Aspen nígbà àtijọ́. Ní 1879 ni àwọn awakùsà kọ́kọ́ pa àgọ́ síbẹ̀, kò sì pẹ́ tí fàdákà fi sọ ọ́ di ìlú ọlọ́rọ̀. Nígbà tí iye owó fàdákà já wálẹ̀ ní 1893, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ẹrù wọn, ìlú náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dahoro. Ohun tí ó tún jí i dìde kì í ṣe ohun tí a wà jáde láti inú ilẹ̀, bí kò ṣe ohun tí ó ń bọ́ láti ojú ọ̀run, èyíinì ni òjò dídì. Àwọn ènìyàn a máa so pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹsẹ̀, wọn a sì máa yọ̀ láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Eré yìí ni wọ́n ń pè ní síkì. Ní January 1947 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ ṣíṣí ìjókòó orí wáyà tí ń gbé wọn gun òkè, láti ìgbà náà ni àwọn àlejò sì ti ń wọ́ lọ sí Aspen ní ọdọọdún.

Kí òjò dídì má ṣe rú ẹnikẹ́ni lójú. Kì í ṣe yìnyín tí ó máa ń bọ́ lu orí páànù nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀. Yìnyín le bí òkúta, ṣùgbọ́n òjò dídì fúyẹ́ bí òwú, kì í sì í pariwo bí ó ti ń bọ́. Yóò rọra máa rọ̀ títí yóò fi bo ilé, igi àti ọ̀nà mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tàbí tí ó bá yọ́ ní ọ̀sán tí ó sì tún dì ní òru, ojú títì a máa yọ̀ ju ọbẹ̀ ilá lọ. Ẹwà rẹ̀ ni ó ń fa àlejò wá. Ẹwà náà ni ó sì ń pa àwọn tí kò bá kíyè sára.

Gíga ibi tí Aspen wà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000 ẹsẹ̀ bàtà sí òkun, àwọn òkè sì yí i ká. Bí a bá wo àwòrán ilẹ̀, a ó rí ọ̀nà méjì tí ó wọ ìlú náà. Ọ̀kan wá láti ìhà ìlà-oòrùn, ó sì gba orí òkè Independence Pass kọjá, ní ibi tí ó ga ju 12,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ọ̀nà yìí ni ó kúrú jù lọ fún ẹni tí ó ń bọ̀ láti Denver, olú-ìlú Colorado, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù November títí di apá ìparí oṣù May, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè kó òjò dídì orí rẹ̀ tán. Ọ̀nà kejì, tí a ń pè ní títì 82, wá láti ìlú Glenwood Springs ní ìhà àríwá, nǹkan bí 41 máìlì sí Aspen. Nítorí náà, ní ìgbà òtútù, ọ̀nà kejì yìí nìkan ni ọkọ̀ lè gbà wọ Aspen. Ẹni tí ó bá fi òye yìí sọ́kàn ti mọ ìdajì ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀.

Ká ní bàálé ilé kan fẹ́ mú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Aspen ní oṣù January. Pápá ọkọ̀ òfurufú mẹ́rin ni ó lè fi ojú sùn: ti Aspen fúnra rẹ̀, ti Denver, ti Eagle, àti ti Grand Junction. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní oore tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ewu tirẹ̀.

Pápá ọkọ̀ òfurufú ti Aspen ni ó kọ́kọ́ máa ń wu ènìyàn, nítorí pé kò ju nǹkan bí máìlì mẹ́ta lọ sí àárín ìlú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ ga, atẹ́gùn rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn ni ó ń gbé apá ọkọ̀ òfurufú ró, òun náà sì ni ẹ́ńjìnì ń mí. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn ọkọ̀ ní láti sá lórí rẹ̀, àwọn òkè sì há a mọ́ àárín tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi máa ń kọjú sí ìhà ìlú balẹ̀, tí wọ́n sì máa ń kẹ̀yìn sí ìlú gbéra. Bí ìkùukùu bá sọ̀kalẹ̀ bo àwọn òkè náà, awakọ̀ lè yí padà lọ sí pápá mìíràn. Nígbà náà ni àlejò tí ó rò pé òun ti dé ilé yóò bá ara rẹ̀ ní ìlú tí kò mọ̀, tí ilẹ̀ ti ṣú, tí ọ̀nà gígùn sì wà níwájú rẹ̀.

Síbẹ̀, kí a yí padà sàn ju kí a fi agidi balẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù March, 2001, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan tí àwọn èrò háyà gbéra láti Los Angeles, ó sì pẹ́ kí ó tó gbéra. Òfin kò gbà á láyè láti balẹ̀ sí Aspen bí ilẹ̀ bá ti ṣú kọjá àkókò kan. Nígbà tí ó dé itòsí ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òjò dídì ń rọ̀, ojú kò sì ríran dáadáa. Ọkọ̀ náà kọlu ilẹ̀ kí ó tó dé pápá, gbogbo ènìyàn 18 tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Àwọn tí ìjọba yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ pé àwọn awakọ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí ó yẹ nígbà tí wọn kò tíì rí ojú ibi tí wọn yóò balẹ̀ sí. Wọ́n sì ka àkókò tí ó ń lọ, àti bí ẹni tí ó háyà ọkọ̀ náà ti ń fẹ́ kí wọ́n dé Aspen dandan, mọ́ àwọn ohun tí ó ń ti àwọn awakọ̀ náà síwájú.

Pápá ti Denver yàtọ̀ pátápátá. Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n kọ́ ọ sí, ní 1995 ni wọ́n sì ṣí i. Ọkọ̀ òfurufú ń wọ ibẹ̀ láti ibi púpọ̀ ní àgbáyé, bí èyí tí ènìyàn fẹ́ wọ̀ kò bá gbéra, kì í pẹ́ kí òmíràn tó lọ. Ìṣòro tirẹ̀ wà lórí ilẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Aspen, bí a bá gba Glenwood Springs, tó nǹkan bí 220 máìlì. Ènìyàn lè fi wákàtí mẹ́rin rìn ín bí ojú ọjọ́ bá dára, ṣùgbọ́n bí òjò dídì bá ń rọ̀, kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò dé ní ọjọ́ náà. Títì ńlá 70 ni ọkọ̀ yóò gbà. Yóò gun òkè títí yóò fi dé ihò ńlá tí wọ́n gbẹ́ la abẹ́ òkè já, tí a ń pè ní Eisenhower. Gíga ihò yìí ju 11,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 1.7 máìlì. Kí wọ́n tó ṣí i ní 1973, orí òkè Loveland Pass ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà kọjá, èyí tí ó ga tó 11,990 ẹsẹ̀ bàtà. Bí ọkọ̀ bá jáde nínú ihò náà, òkè Vail Pass tún ń dúró dè é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, àwọn ará Denver tí ń lọ ṣe síkì a máa kún ojú títì náà fọ́fọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, gbogbo wọn a tún máa padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Eagle wà ní ẹ̀gbẹ́ títì 70 kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá balẹ̀ síbẹ̀ ti fo ihò Eisenhower àti òkè Vail Pass dá. Nǹkan bí 70 máìlì péré ni ó kù kí ó dé Aspen. Ohun tí ó wà láàárín ni àfonífojì tóóró kan tí a ń pè ní Glenwood Canyon. Odò Colorado ń ṣàn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ògiri àpáta sì ga ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ ní ibòmíràn. Iṣẹ́ ńlá ni kí a tó rí títì là gba ibẹ̀. 1992 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òkúta bá já tàbí tí ọkọ̀ bá dojú dé nínú àfonífojì náà, wọn a ti títì. Lẹ́yìn tí iná jó igbó orí àpáta náà ní 2020, ẹrẹ̀ àti òkúta ya lulẹ̀ nígbà òjò 2021, ọ̀nà náà sì wà ní títì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ọ̀nà kékeré tí ì bá gbà wọ́n yí i ká kì í ṣí ní ìgbà òtútù.

Grand Junction ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni ó wà, nǹkan bí 130 máìlì sí Aspen, ọkọ̀ òfurufú tí ó ń wọ ibẹ̀ kò sì pọ̀ bí ti Denver. Síbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ kò ga tó 5,000 ẹsẹ̀ bàtà, títì rẹ̀ sì ń tẹ̀lé etí odò Colorado títí dé Glenwood Springs láìgun òkè ńlá kankan, láìsì wọ inú àfonífojì Glenwood. Ó jìn ju Eagle lọ, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí ó lè sé mọ́ ènìyàn lójú níbẹ̀ kò pọ̀.

Èwo wá ni kí bàálé ilé yìí yàn? Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá ní owó tí ó tó, tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì dé ní ọ̀sán, lè gbìyànjú Aspen, bí ó bá ti fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ìdádúró. Ẹni tí ó ní ọmọ kékeré tí kò sì tíì wa ọkọ̀ lórí òjò dídì rí, Eagle tàbí Grand Junction ni ó yẹ ẹ́. Ẹni tí Denver bá rọ̀ lọ́rùn nítorí owó, kí ó sùn sí Denver ní alẹ́ ọjọ́ tí ó dé, kí ó sì bọ́ sí ọ̀nà nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Oorun alẹ́ kan yìí yóò tún ran ara lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tí ó ti etí òkun wá tí ó sì gun òkè lẹ́ẹ̀kan náà a máa ní orí fífọ́ àti èébì.

Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ yẹ fún iṣẹ́ tí a gbé fún un. Láti 2019 ni òfin Colorado ti wí pé, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù September títí dé òpin oṣù May, ọkọ̀ tí ó bá gba àárín òkè lórí títì 70 gbọ́dọ̀ ní táyà tí a ṣe fún òjò dídì, tàbí kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ máa yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí kò bá ní ìkankan nínú wọn gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀wọ̀n irin tí a ń so mọ́ táyà. Ojú táyà kò sì gbọdọ̀ jẹ. Ẹni tí ó bá háyà ọkọ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú, kí ó bẹ̀rẹ̀ wo táyà náà kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́. Kí ó gbé aṣọ ìbora, omi àti oúnjẹ sínú ọkọ̀, kí epo rẹ̀ má sì lọ sílẹ̀, nítorí pé wọ́n lè ti ọ̀nà fún wákàtí púpọ̀ nígbà tí òjò dídì bá ya láti orí òkè.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lórí òjò dídì, kì í ṣe títẹ bíréèkì gìrì ni ó ń dá ọkọ̀ dúró; ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa yọ̀ lọ ni. Kí awakọ̀ fi àyè púpọ̀ sí àárín rẹ̀ àti ọkọ̀ iwájú, kí ó fi jíà kékeré sọ òkè kalẹ̀, kí ó sì ṣọ́ra lórí afárá, nítorí pé atẹ́gùn tútù ń fẹ́ gba òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, òun sì ni ó máa ń tètè dì. Ẹ̀rù tí ó burú jù lọ ni omi dídì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò hàn sí ojú, tí títì dúdú sì ń hàn lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó kàn tutù lásán.

Gbogbo ìmọ̀ yìí kò ní í wúlò fún ẹni tí kò bá lè farabalẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé ọ̀nà ti sé. Máìlì tí ó kù níwájú kọ́ ni ó yẹ kí arìnrìn-àjò máa kà, bí kò ṣe ibi tí ó lè dúró sí bí ọ̀nà bá kọ̀ fún un. Pápá ọkọ̀ òfurufú tí ó dára ni èyí tí ó fún un ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó jìn. Bàálé ilé tí ó bá sùn sí Glenwood Springs ní alẹ́ tí òjò dídì ń rọ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń kùn pé Aspen kò ju 41 máìlì lọ mọ́, kò pàdánù nǹkan kan ju alẹ́ kan lọ. Ní òwúrọ̀, ọkọ̀ tí ń fi abẹ́ ńlá kó òjò dídì yóò ti kọjá, oòrùn yóò ti là, gbogbo ilé rẹ̀ yóò sì wà láàyè láti rí òkè náà.