Ta Ló Mú Iná Lọ?

Gbólóhùn kan wà nínú ìwé ìlànà ẹ̀rọ ìgégi oníná tí kì í sú àwọn tó kọ ọ́. Kí o tó fọwọ́ kan ṣéènì, yọ bátìrì. Kí o tó tú irin gbọọrọ tí ṣéènì ń sáré yí ká, yọ bátìrì. Ojú ewé mìíràn ò sọ ju ká fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìdọ̀tí igi kúrò lára rẹ̀ lọ, síbẹ̀ kó tó dárúkọ búrọ́ọ̀ṣì, ó ti tún un sọ: yọ bátìrì. Bó bá jẹ́ èyí tó ń lo wáyà ni, yọ ọ́ kúrò lára iná ògiri.

Àsọtúnsọ yìí ò jẹ́ kí òǹkọ̀wé yìí gbádùn. Ẹ̀rọ náà ṣáà ní súìṣì. Bọ́tìnnì kan tiẹ̀ tún wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò tẹ̀ kí ìka ìfábẹ̀lá tó lè fa èyí tó ń gbé e dìde. Bọ́wọ́ bá ti kúrò níbẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. Kí ló tún kù?

Inú kẹ́kẹ́ tó pa yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ ìgégi elépo bẹntiróòlù kì í purọ́: bó bá ń ṣiṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́, ó ń gbọ̀n, ó ń tú èéfín. Oníná ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí bátìrì wà nínú rẹ̀ àtèyí tí kò sí nínú rẹ̀, bákan náà ni wọ́n ṣe ń dákẹ́ lórí tábìlì. (Oníná yìí kì í sì í ṣe àbúrò o. Ní Jámánì, 1926 ni Andreas Stihl ṣe tirẹ̀, èyí tó wúwo tó kílò 48 tó sì gba èèyàn méjì láti gbé; ọdún kejì ni ilé iṣẹ́ Dolmar gbé elépo bẹntiróòlù jáde.)

Àmọ́ Jámánì kọ́ lọkàn òǹkọ̀wé yìí sá lọ. Ṣọ́ọ̀bù àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn nígbà èwe rẹ̀ ló sá lọ. Ayùn róbótó kan wà níbẹ̀ tó ń lo iná ìjọba. Bó bá ń la pákó lọ́wọ́, kò sí ọmọ iṣẹ́ tó jẹ́ bá a ṣeré. Olúkúlùkù mọ ibi tó yẹ kóun dúró sí. Àfi kí NEPA mú iná lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á rọ́ wá sídìí rẹ̀. Ẹnìkan á máa fìka yọ èérún igi láàárín eyín ayùn, òmíràn á máa fọwọ́ pa eyín náà wò bóyá ó ṣì mú, ẹ̀kẹta á fara ti tábìlì rẹ̀, á máa jẹ gúgúrú. Súìṣì ńkọ́? Ó wà ní títàn bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Ọ̀gá á pariwo láti ìta pé, "Ṣé ẹ ti pa súìṣì?" Wọn ò ní dá a lóhùn. Ìgbà tí àdúgbò bá hó "Ọ́ọ̀pù NEPA!" lẹ máa rí bí ọwọ́ ṣe ń fò. NEPA ti di PHCN ní 2005, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni sì ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀ ní 2013, ṣùgbọ́n igbe yẹn ò yí padà.

Súìṣì kan wà tí wọ́n dìídì ṣe nítorí irú ìyẹn. Bí iná bá lọ, òun náà á já. Bí iná bá dé, ẹ̀rọ ò ní dìde àfi bí ẹnìkan bá tún tẹ̀ ẹ́. Ayùn ṣọ́ọ̀bù yẹn ò ní in.

Àṣé kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń la pákó ló yẹ ká máa bẹ̀rù fáwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn. Ìgbà tí ayùn bá dúró tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ ni. Iná tí NEPA mú lọ, NEPA ló mọ ìgbà tó máa dá a padà. Bátìrì tó wà nínú àpò rẹ ò lè dá ara rẹ̀ padà. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ irú èyí dòfin fáwọn ilé iṣẹ́ ní 1989: ẹni tó fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ fi àgádágodo tirẹ̀ ti orísun iná ẹ̀rọ náà pa, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ìwọ lo mú iná lọ, ìwọ nìkan lo lè mú un dé.

Ó dáa, bátìrì ti wọ àpò. Iṣẹ́ tó kù ò le. Dẹ nọ́ọ̀tì, gbé ẹnu irin gbọọrọ náà sókè díẹ̀, kí o yí sùkúrù rẹ̀ títí ṣéènì á fi lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀. Fa ṣéènì láàárín: kó gbéra díẹ̀, kí eyín inú rẹ̀ má jáde tán nínú kòtò etí irin náà, kó sì padà pàì. Jẹ́ kó tutù kó o tó ṣe é. Ṣéènì tó gbóná máa ń gùn sí i. Bó o bá fún un báyẹn, yóò súnkì nígbà tó bá tutù, yóò sì há mọ́ irin. Ha ìdọ̀tí inú kòtò náà, wo ihò tí ọ́ìlì ń gbà, kó o sì dojú irin náà délẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ḿù táwọn kan ń rọ sí i, èérún irin ló kún inú rẹ̀, kò sì dáa fára.

Fáìlì tí a fi ń pọ́n eyín ṣéènì ló wá da gbogbo àlàyé yìí rú. Ní 1946, agégi kan tó ń jẹ́ Joseph Cox ní ìpínlẹ̀ Oregon kíyè sí ìdin kan tó ń jẹ igi lọ́tùn-ún lósì, ó sì fìyẹn ṣe eyín ṣéènì tó fẹ̀gbẹ́ sọ́tùn-ún àti sósì, irú èyí tó wà lára ẹ̀rọ títí dòní. Fáìlì róbótó la fi ń pọ́n ọn, láti inú síta, eyín apá kan tán ká tó bọ́ sí ìkejì. Bátìrì wà nínú àpò, ìka sì ṣì ń ya. Iná ló ń mú ṣéènì sáré, kì í ṣe òun ló ń mú kó mú. Bátìrì ò gbapò ìbọ̀wọ́, gẹ́gẹ́ bí súìṣì ò ṣe gbapò bátìrì.

Bó bá pọ́n tán, dá bátìrì padà, kó o gé igi díẹ̀ wò. Bó bá ń tú èérún gbọọrọ jáde, ó ti mú. Bó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́ ló ń dà sílẹ̀, má fipá tì í. Pa á, yọ bátìrì, wọ ìbọ̀wọ́, kó o tún mú fáìlì.