Ìdí Tí Mo Fi Bọ̀wọ̀ fún Àwọn Tí Ń Mòòkùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òwe yìí dẹ́rù ba ọmọdé kí ó má baà súnmọ́ odò. Ní tèmi, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ gan-an ni òwe náà ń kìlọ̀ fún. Ìgbẹ́tì tí mo ń gbé jìnnà sí òkun. Òkè àti àpáta ni ó yí wa ká. Síbẹ̀, iṣẹ́ àwọn tí ń mòòkùn nínú òkun ni mo máa ń fi kọ́ ọmọ ní sùúrù.

Ní ọdún 1943 ni àwọn ará Faransé méjì, Jacques Cousteau àti Émile Gagnan, ṣe ohun èlò tí ènìyàn fi lè máa mí lábẹ́ omi láti inú àgbá irin tí ó gbé sẹ́yìn. Ọkọ̀ kékeré onírọ́bà tí a fi afẹ́fẹ́ kún ni ọ̀pọ̀ amòòkùn ń wọ̀ lọ sójú agbami. Wọn á jókòó sí etí ọkọ̀, wọn á kọ ẹ̀yìn sí omi, wọn á sì já sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́tùn-ún lósì, kí ọkọ̀ má baà fì sápá kan. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò ní wọ omi rárá. Òun ni yóò máa ṣọ́ ibi tí èémí wọn ti ń hó lójú omi.

Wíwọ omi kò le tó jíjáde. Ní mítà 10, ipá tí ń tẹ ara di ìlọ́po méjì. Ní mítà 30, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ náítírójìn a sì máa wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí amòòkùn bá sáré jáde, yóò hó nínú ara rẹ̀ bí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣí lójijì. Ó lè rọ ọ́ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 rì nítòsí Escravos. Nínú ènìyàn 12 tí ó wà nínú rẹ̀, alásè wọn, Harrison Okene, nìkan ni ó yè. Nǹkan bí wákàtí 60 ni ó fi ń mí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó há sínú ọkọ̀ náà, ní nǹkan bí mítà 30 lábẹ́ òkun, kí àwọn amòòkùn tí wọ́n wá gbé òkú tó bá a pàdé. Ọkọ̀ ńlá ni àwọn wọ̀nyí bá wá, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni wọ́n tẹ̀lé. Wọn kò jẹ́ kí ó bọ́ síta lójú ẹsẹ̀. Inú yàrá irin ni wọ́n fi í sí fún ọjọ́ méjì ó lé, títí ara rẹ̀ fi padà sípò. Nígbẹ̀yìn, òun náà kọ́ṣẹ́ amòòkùn.

Bí òjò bá ti kún odò wa ní Òkè-Ògùn, àwọn ọmọdé a máa fò sínú rẹ̀ láìsí ẹni tí ń ṣọ́ wọn. Wọ́n rò pé ojo ni ẹni tí ó bá dúró létí odò. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí òkun jẹ́ oko wọn kì í wọ omi láìfi ẹnì kan sílẹ̀ lókè. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a jìnnà sí òkun kọ́ ọgbọ́n náà, kí odò má baà máa gbé ọmọ wa lọ.