Bọ́tìnnì kan báyìí ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyàwó mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí o, ẹ má sì tíì fi mí rẹ́rìn-ín títí tí n ó fi sọ ọ́ tán. Tísà ni mí, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ń gbé, àmọ́ ọmọ Ìsẹ̀-Èkìtì ni mí. Lọ́dún 2021, mọ́tò tí mo ti ń lò fún ọdún mọ́kànlá dákẹ́ pátápátá. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ìyàwó mi náà kó àjọ tó ń dá lọ́jà sílẹ̀, a ní ká fi ra tòkunbọ̀ kan tó ṣeé fọkàn tán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi mọ́tò náà ṣe, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwa márùn-ún là ń gbé inú ilé. Iṣu ni ìyàwó mi ń tà, Èmùré ló ti máa ń lọ kó o. Màmá mi wà nílé ní Ìsẹ̀, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà yẹn, eegun ẹ̀yìn ń dà wọ́n láàmú, oṣooṣù la sì ń gbé wọn lọ sọ́sibítù ní Adó. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Kò síbi tí wọ́n ti ń sáré ìje níbẹ̀.

Ni mo bá gba Àkúrẹ́ lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀. Mo rí Camry kan, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní Muscle. Mo ti fẹ́ máa ná an nígbà tí ojú mi lọ sára mọ́tò Jámánì kan, dúdú kirikiri, tó ń dán bíi bàtà ọ̀gá ṣọ́jà. Ẹni tó ń tà á ti rí ojú mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wọlé, ẹ jókòó." Ló bá fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, ó ní tí mo bá fi í sí Comfort, bíi bẹ́ẹ̀dì ló máa rí, tí mo bá wá fi í sí Sport, mọ́tò á le, á di ilẹ̀ mú bí ọ̀gà ṣe ń di ẹ̀ka igi mú. A wà á jáde sí títì Ọba Adésidà. Mo yí i wọ kọ́nà, kò tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rárá. Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi wú! Mo gbàgbé pé tísà ni mí.

Nígbà tí mo délé, tí mo ń fẹnu wakọ̀ fún ìyàwó mi ní pálọ̀, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ dákun, mọ́tò tó ní bọ́tìnnì yìí, ta lẹ fẹ́ kó máa gbé? Ṣé ẹ̀yin nìkan ni, àbí gbogbo wa?"

Inú bí mi. Mo ní kí lobìnrin mọ̀ nípa mọ́tò. Odidi ọjọ́ méjì la ò fi bára wa sọ̀rọ̀, oúnjẹ nìkan ni mò ń bá lórí tábìlì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo rántí pé owó àjọ rẹ̀ wà nínú owó tí mo fẹ́ ná. Ara mi rọ̀. Mo ní kò burú, ká gbé mọ́tò ọ̀hún wá sójú ọ̀nà tiwa ká tó sanwó. Ẹni tó ń tà á gbà, ó fi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tẹ̀ lé wa, èmi náà sì fi owó díẹ̀ dúró.

A gba Ìjù àti Ìta-Ògbólú bọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tó bá rin ọ̀nà yẹn lọ́dún náà kò ní í gbàgbé. Oṣù keje ni, omi òjò kún inú kòtò, èèyàn ò lè mọ èyí tó jìn. Mo gbé ìyàwó mi àti mẹkáníìkì mi ní Ìkẹ́rẹ́, a forí lé Ìsẹ̀, a gbé màmá.

Mo fi í sí Sport, torí mo fẹ́ ṣe fọ́rífọ́rí. A ò tíì rìn jìnnà tí màmá fi ké, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ yọ mí léegun ni?" Mo yára tẹ Comfort. Ká sọ òótọ́, ó rọ̀ lóòótọ́. Màmá mí kanlẹ̀. Mo wo ìyàwó mi nínú dígí bíi pé mo ti borí, òun náà ń wò mí, kò sọ nǹkan kan.

A dé Èmùré, ó di iṣu sínú búùtù. Ìgbà tí à ń padà bọ̀ lọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Èèyàn márùn-ún pẹ̀lú iṣu, ni abẹ́ mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀ gàràgàrà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni táyà iwájú já sínú kòtò olómi kan, a gbọ́ "gbàù!" Táyà ti là, ríìmù ti tẹ̀. Màmá di ẹ̀yìn wọn mú, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Ó tó wákàtí méjì tí a fi wà lẹ́bàá ọ̀nà, tí ìyàwó mi ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn màmá mi. Mo kàn dúró síbẹ̀ ni. Mi ò tíì rí ìtìjú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni mẹkáníìkì mi ti là mí lóye. Ó ní, "Tísà, bọ́tìnnì yìí kì í ṣe ayédèrú o, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni." Ó ní sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù mọ́tò, ṣọ́ọ̀kì ló ń kó sípíríǹgì níjàánu kó má baà máa fò sókè fò sílẹ̀. Òróró ló wà nínú ṣọ́ọ̀kì, ojú ihò tí òróró náà ń gbà kọjá ni kọ̀ǹpútà ń fẹ̀ tàbí tó ń fún. Tó bá fún un, ṣọ́ọ̀kì á le, tó bá fẹ̀ ẹ́, á rọ̀. Nígbà tí mo wá wádìí ẹ̀ fúnra mi, mo rí i pé nǹkan ọ̀hún ti pẹ́ láyé. Toyota ti fi irú ẹ̀ sínú Soarer láti 1983. Nígbà tó di 2002, Cadillac gbé èyí tí wọ́n po ẹ̀tù irin mọ́ òróró rẹ̀ jáde, tí iná bá ti kàn án, òróró á ki.

Mẹkáníìkì ní, "Àmọ́ bọ́tìnnì yìí ò lè gbé mọ́tò ga kúrò nílẹ̀, kò sì lè sọ táyà pẹlẹbẹ di táyà tó nípọn. Èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ gbé ara ẹ̀ sókè wà, owó tìyẹn tún ju èyí lọ." Ó ní owó ṣọ́ọ̀kì ẹyọ kan mọ́tò yìí, tó bá jẹ́ tuntun, á ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún Camry, ṣéńjì á tún kù. Tí wáyà rẹ̀ bá já ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibi líle ni wọ́n máa ń há sí. Àwọn mìíràn á yọ ọ́ dànù, wọ́n á fi lásán sí i, iná á máa jó ní dáṣíbọ́ọ̀dù, bọ́tìnnì á wá di ọ̀ṣọ́.

Mo rántí Peugeot 504 bàbá mi, tí wọ́n fi ń ra kòkó kiri àwọn abúlé Ìsẹ̀. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kaduna. Sípíríǹgì 504 gùn, ó rọ̀, mọ́tò náà ga nílẹ̀, kò sì ní bọ́tìnnì kankan. Lọ́dún 1975 yẹn náà ni 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Kẹ́ńyà, ó tún padà gbà á ní 1978. Wọ́n ro ti ìdíje lágbára lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò rí i? Lójú ọ̀nà tó burú bíi tiwa, mọ́tò tó rọ̀ tó sì ga ló ń jẹ́ Sport.

Mo san owó táyà àti ríìmù, mo dá mọ́tò Jámánì padà, mo ra Camry. Nínú owó tó ṣẹ́ kù, mo fi ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin sí i, mo pààrọ̀ àwọn búṣì rẹ̀, mo sì kó ìyókù fún ìyàwó mi, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbàgbé ẹ̀. Irọ́ ni, kò gbàgbé, àmọ́ ó dárí jì mí.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má ra ọlọ́bọ́tìnnì o. Tí títì ibi tẹ́ ẹ ti ń rìn bá dán, tí ẹ nìkan lẹ máa ń wà nínú mọ́tò, tí ẹ lówó ẹ̀, tí ẹ sì ní mẹkáníìkì tó lè fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ rà á, ẹ máa gbádùn. Àmọ́ tó bá jẹ́ mọ́tò ilé ni, ẹ má jókòó síwájú nìkan, ẹ lọ jókòó sẹ́yìn náà. Ẹ di ẹrù sí i, ẹ wà á gba ibi tó burú jù lọ́nà yín, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta ṣọ́ọ̀kì ẹyọ kan kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Camry máa ń tẹ̀ ní kọ́nà, mi ò sì ní purọ́, ọkàn mi ṣì máa ń fà sí dúdú yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi Camry gbé màmá lọ sí Adó, wọ́n wò yí ká, wọ́n ní, "Bọ́tìnnì tọjọ́sí ńkọ́?" Mo ní, "Màmá, kò ní." Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ká tó dé Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ti sùn lọ.