Ojú Fóònù Tí Wọ́n Tún Ṣe

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń ta ọsàn ní Fìdítì. Kò kàwé, ṣùgbọ́n a máa ṣírò èrè orí ọgọ́rùn-ún ọsàn kí èmi tó wá bírò. Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n kárí Nàìjíríà, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Ìbàdàn kò rí owó san mọ́, mo kọ́ ọ bí a ti ń fi fóònù gba owó àti bí a ti ń fi í ránṣẹ́. Ibi tí nǹkan wà ni ó fi ń dá a mọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a kọ sí i: bọ́tìnì aláwọ̀ ewé tí ó wà lókè ni owó tí ó kù, èyí tí ó tẹ̀ lé e ni owó tí a ó fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó gbà wá. Ní ti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, èmi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, a fa ìborùn bo ọwọ́.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ó ṣí fóònù, ó bá ojú àjèjì níbẹ̀. Báńkì ti tún áàpù wọn ṣe mọ́jú. Ó pè mí. Ọwọ́ mi dí, ohùn mi sì le. Mo ní, “Mà, kí ó lè rọrùn ni wọ́n ṣe tún un ṣe.”

Ó dáhùn pé, “Ta ni ó rọrùn fún, ọmọ mi?”

Mo ní n ó pè é padà. N kò pè é.

Ẹ má ṣe rò pé àìkàwé ni ó fà á. Ní ọdún 2012, Microsoft mú bọ́tìnì Start, tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ láti ọdún 1995, kúrò nínú Windows 8. Àwọn akọ̀wé káàkiri ayé pariwo, bọ́tìnì náà sì padà wá ní ọdún 2013. Ìyá yìí kò sì bẹ̀rù àyípadà. Ó ti ń tajà nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1971 ni ìjọba ti kéde èyíinì, ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ 10, ó tán. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí akéde kankan.

Nígbà tí mo dé Fìdítì ní ọjọ́ Sátidé, mo gbọ́ pé ó ti fún ọmọ iléèwé kan ní fóònù àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, kí ó lè bá a san owó ọlọ́kọ̀. Ọmọ náà kò mú kọ́bọ̀. Síbẹ̀, n kò lè wo ojú ìyá náà dáadáa. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí ó kọ́kọ́ ní kí n fi hàn án ni bí a ti ń pa nọ́ńbà dà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó ní kí n kọ ojú sí ògiri, ó sì na ọwọ́ sí ìborùn rẹ̀.