Láti Bódìjà sí Ìlú Àwọn Hinderer

Nígbà tí àwọn ọmọ wa dá owó jọ pé kí èmi àti ìyá wọn lọ sinmi díẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù, Páríìsì ni ó wà lọ́kàn tèmi. Ṣùgbọ́n ìyá wọn kàwé ní St. Anne's ní Mólété, ilé ẹ̀kọ́ tí a da ti àwọn ọmọbìnrin Kúdẹtì pọ̀ mọ́ ní ọdún 1950, ó sì ní òun kò ní tìtorí àtiwo ilé gíga nìkan kọjá òkun. Ó ní kí a lọ wo ibi tí Anna Hinderer ti wá. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn kò ṣàì mọ ìtàn náà: bí David Hinderer àti aya rẹ̀ ti dé ìlú wa ní ọdún 1853, tí wọ́n tẹ̀dó sí Kúdẹtì, tí olóyè Olúńlọ́yọ̀ó sì fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé wọn lọ́wọ́ láti kọ́ ní ìwé.

A kò pẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọkọ̀ ojú irin gbé wa láti Liverpool Street dé Norwich ní nǹkan bí wákàtí méjì, a sì gba ibẹ̀ lọ sí Lowestoft ní etí òkun, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìhà ìlà-oòrùn. Òkun ibẹ̀ ní àwọ̀ eérú, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń gún ni létí bí abẹ́rẹ́. Níbẹ̀ ni Anna ti dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Níbẹ̀ ni ó sì ti ń kó àwọn ọmọ aláìní jọ ní ọjọ́ Ìsinmi láti kọ́ wọn, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì kéré. A ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún díndín tí wọ́n wọ́n ọtí kíkan sí. Kí n tó jẹ òkèlè kejì, ìyàwó mi ti mú ata gígún jáde láti inú àpò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Martham ni ọ̀rọ̀ wà. Abúlé ni, ní àgbègbè Norfolk, ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì ga tí ènìyàn fi ń rí i láti òkèèrè. Níbẹ̀ ni Anna kú sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, ọdún 1870, ní ẹni ọdún 43, lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò ní Ìbàdàn pátápátá. Ìyà ogun Ìjàyè wà lára rẹ̀. Láti ọdún 1860 ni ogun náà ti dí ọ̀nà etí òkun mọ́ wọn. Wọ́n ta aṣọ àti ohun èlò ilé kí àwọn àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ lè rí jẹ. Ní ọdún 1865, Gómìnà Glover ti Èkó rán Captain Maxwell àti àwọn ọmọkùnrin gba inú igbó wá mú wọn. Hinderer kò lè fi ìjọ sílẹ̀ lójijì. Aya rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé lọ ní òru.

A jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, a sì dákẹ́. Nígbà tí ó ṣe, ìyá àwọn ọmọ mi ní, “Bàbá wọn, bí ó bá jẹ́ àwa ni, ẹ ó jẹ́ kí n dá lọ?” Èmi kò tètè fèsì. Mo ní bóyá. Ó ní òun kì bá lọ. Ọ̀rọ̀ náà bá wa wọ ọkọ̀, kò sì tán títí a fi padà dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Páríìsì kò gbà wá ju ọjọ́ méjì lọ. A wo Notre-Dame, tí iná jó ní oṣù Kẹrin ọdún 2019 tí wọ́n sì tún ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. A jẹ búrẹ́dì gígùn tí a kò rí irú rẹ̀ jẹ rí, ẹsẹ̀ sì dùn wá.

Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ti gbé wa wọ ilẹ̀ Jámánì, dé Stuttgart, a sì wọ òmíràn lọ sí Schorndorf ní àfonífojì odò Rems. Ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú yìí ni wọ́n bí David Hinderer. Ní ìlú náà gan-an ni wọ́n sì bí Gottlieb Daimler, àgbà nínú àwọn tí ó dá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sílẹ̀, ní ọdún 1834. Àwọn ilé tí ó yí ọjà wọn ká ní igi tí ó hàn lára ògiri, ọgbà àjàrà sì wà lára òkè ní ìlà-ìlà bí ebè iṣu. Ẹni tí ó bá rí ibẹ̀ kí ó tó rí ẹ̀gbẹ́ odò Kúdẹtì yóò mọ ohun tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀.

Wọ́n gbé oúnjẹ kan fún wa tí wọ́n ń pè ní Maultaschen, ẹran lílọ̀ àti ẹ̀fọ́ tí a fi ìyẹ̀fun pípò wé. Wọ́n ní àwọn àlùfáà ayé àtijọ́ ni ó wé ẹran bẹ́ẹ̀ ní àkókò Lẹ́ńtì, kí Olúwa má baà rí i! Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Ní ti wáìnì, mo mọ̀ pé ìbéèrè ń bẹ lẹ́nu àwọn ará ìjọ. Èmi tọ́ ọ wò. Ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi ìṣápá, ó sì kan díẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ mi ní òun kò fẹnu kan ẹmu ní Ìbàdàn, òun kò sì ní tìtorí Jámánì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí èwo ló dùn jù nínú ẹmu àti wáìnì, n kò ní sọ nínú ìwé ìròyìn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí, ìwé àṣẹ méjì ni yóò gbà: ọ̀kan fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì, tí wọ́n ń pè ní Schengen, fún ilẹ̀ Faransé àti Jámánì pọ̀. Kí ó tètè bẹ̀rẹ̀, kí ó má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú kí méjèèjì tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.