WỌ́N NÍ SÀRÓ NI WÁ, MO BÁ LỌ WÁ ORÍLÉ BÀBÁ MI!

Ẹni tó bá ti lọ síbi òkú ní Abẹ́òkúta rí yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìdílé ti máa ń tú síta. Ibi òkú àbúrò bàbá mi ni èmi náà ti gbọ́ tèmi. A ti sin òkú, a ti jẹ, a ti mu, àwọn àgbà ẹbí wá jókòó lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko kan tí a fẹ́ pín. Bí mo ṣe ní kí n dá sí i báyìí, ìbátan wa kan láti ìhà ìyá dá mi lẹ́nu kọ́. Ó ní, "Ìwọ, jókòó jẹ́ẹ́. Sàró ni yín. Orúkọ òyìnbó lẹ̀ ń jẹ́. Níbo lẹ ti mọ orílé Ẹ̀gbá?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èébú yẹn ló dùn mí jù, ohun tó dùn mí ni pé n kò ní èsì. Mo mọ ilé wa, mo mọ sàréè bàbá tó bí bàbá mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n sọ ibi tí bàbá tó bí ìyẹn ti ṣẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi nìyẹn. Mo sì ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún! Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Mo sọ fún ara mi pé n óò wá orísun yìí rí kí ọjọ́ tó lọ.

Gbogbo wa la jùmọ̀ sá wá

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, mo wọ rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, mo sọ̀ ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Laderin. Láti ibẹ̀, ó di inú ìlú. Bí ọkọ̀ ṣe ń gba Ìtòkú kọjá, níbi tí àwọn ìyá aládìrẹ ti ń ta aṣọ, mo gbójú sókè wo Olúmọ, mo wá ń rántí ìtàn tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n rán ara wa létí. Kó tó di 1830, kò sí ìlú kankan tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Inú igbó Ẹ̀gbá ni àwọn bàbá wa wà, ní ìlú kéékèèké tó pọ̀ lọ súà. Olúkúlùkù ló ní olórí tirẹ̀, ògbóni tirẹ̀ àti ọjà tirẹ̀. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Òwu ló ràn dé ọ̀dọ̀ wọn. Láàárín bíi 1825 sí 1830, wọ́n fọ́ àwọn ìlú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlú Ẹ̀gbá Gbágùrá kan wà lára wọn tó ń jẹ́ Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ogun tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1829, wọn kò sì lọ mọ́. Ìbàdàn tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí nìyẹn.

Àwọn tó kù ló tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ wá sábẹ́ àpáta. Àwọn Òwu náà wá bá wọn ní 1834. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n àwọn àgbà: wọn kò da ìlú wọn pọ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan mú àdúgbò tirẹ̀, ó sì fi orúkọ ilé àtijọ́ sọ ọ́. Ìtòko, Ìjẹmọ̀, Kémta, Ìkìjà, Ìgbẹìn, Ìlúgùn, orúkọ ìlú tí ogun fọ́ ni gbogbo wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ àdúgbò tí bàbá rẹ̀ kọ́lé sí ní Abẹ́òkúta, ó ti mọ ìdajì ọ̀nà.

Àwọn tí ogun kó ńkọ́? Wọ́n tà wọ́n sétí òkun. Ọkọ̀ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba díẹ̀ lára wọn lójú omi, ó sì já wọn sí Freetown ní Sàró. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí pé "ẹ kú, ẹ kú" ni wọ́n fi ń kí ara wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti gba orúkọ àwọn òyìnbó ìjọ àti ti ìjọba. Nígbà tó di 1839, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba Bádágìrì padà wálé. Nígbà tí Henry Townsend fi dé Abẹ́òkúta ní January 1843, tí Ṣódẹkẹ́ gbà á lálejò, ó bá àwọn Sàró nílẹ̀.

Ṣé ẹ wá rí i? Ọdún mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín ìgbà tí Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ àti ìgbà tí àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ta ló wá jẹ́ onílé, ta ló jẹ́ àlejò níbẹ̀?

Ìwé dé Sàró, ó dúró

Ṣọ́ọ̀ṣì ìdílé wa ni mo kọ́kọ́ lọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ kò dùn. Akọ̀wé gbé ìwé ìrìbọmi àtijọ́ jáde, ikán ti jẹ ẹ́ tó ìdajì. Bí mo ṣe ń ṣí i ni eruku rẹ̀ ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ọlọ́run ṣe é, ikán kò tíì dé ojú ewé tiwa. Ìlà kan ṣoṣo ni: orúkọ òyìnbó tí bàbá ńlá wa ń jẹ́, orúkọ ìyàwó rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ tí í ṣe àgbẹ̀, àti ibi tó ti wá. Hastings ni wọ́n kọ síbẹ̀. Abúlé kan lẹ́bàá Freetown ni Hastings, àwọn Akú sì pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Kò sí ohun mìíràn mọ́.

Mo padà sí Èkó. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin sọ fún mi pé àwọn ìwé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ tó lé ní 91,000. Ó fi fóònù rẹ̀ wá a. A rí orúkọ tó jọ orúkọ ilé bàbá ńlá wa, kì í ṣe ẹyọ kan, ó pọ̀. Bí etí akọ̀wé òyìnbó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Wọ́n kọ ọjọ́ orí àti bí ẹni náà ṣe ga tó, ṣùgbọ́n wọn kò kọ orílé. Èwo ni tiwa níbẹ̀?

Ọmọ yẹn náà ló kà fún mi nípa àwọn àgbẹ̀ onígbàgbọ́ kan ní Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Mennonite. Menno Simons, àlùfáà tó fi ìjọ Àgùdà sílẹ̀ ní 1536, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wọ́n. Wọn kì í jagun. Nítorí ìgbàgbọ́ wọn, ìyà lé wọn kúrò ní Holland lọ sí bèbè odò Vistula, ní ilẹ̀ tó di Poland lónìí. Wọ́n tún ṣí lọ sí Ukraine láti 1789, ọ̀pọ̀ wọn sì kọjá sí Canada àti Amẹ́ríkà láti 1874. Oko ni wọ́n ń ro níbi gbogbo tí wọ́n dé, wọ́n sì ń kọ orúkọ ọmọ wọn sínú ìwé ìjọ. Lónìí, àgbẹ̀ kan ní Canada lè fi ìwé náà tọ bàbá ńlá rẹ̀ dé ẹ̀yìn òkun. Mo jowú wọn, n kò ní purọ́. Àwọn náà sáré ogun bíi tiwa, ṣùgbọ́n ìwé wà lápò wọn. Tiwa ńkọ́?

"Ṣé èmi ò sí nílé ni?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kan ṣì wà láyé, Màmá ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn tí mo sì rò ó fún wọn, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ìwé lo kọ́kọ́ lọ bi? Ṣé èmi ò sí nílé ni?"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, oríkì tí wọ́n ti ń ki mí láti kékeré ni, tí mo kàn ń fi orí gbà, tí n kò fi etí sí! Ìlúgùn wà nínú rẹ̀ ketekete. Odò kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, igi kan wà níbẹ̀, ẹran tí a kì í jẹ náà wà níbẹ̀.

Màmá ní nígbà tí Bàbá Sàró dé, kóòtù ló wọ̀, bàtà ló wọ̀, ẹnikẹ́ni kò dá a mọ̀. Ó ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, ó ń bèèrè. Ìgbà tó dé Ìlúgùn ni ìyá arúgbó kan ní kó dúró ná, ó sì ki oríkì fún un. Bàbá ṣubú lulẹ̀ nínú kóòtù rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá tó bí i ni arúgbó yẹn. Ẹ má rò pé àlọ́ ni Màmá ń pa. Àjàyí Crowther tí wọ́n kó ní Òṣogùn ní 1821, Abẹ́òkúta náà ló ti rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní August 21, 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní February 1848 ni ìyá náà ṣèrìbọmi.

Màmá wá rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ku ẹyọ kan. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n sọ ọ́. Mo ti rù ú tó." Wọ́n ní obìnrin kan wà tí ilé wa ń pè ní Ìyá Oko. Kò wá láti Ìlúgùn. Bàbá Sàró ló rà á kó lè máa ṣiṣẹ́ lóko, ó sì bímọ fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹnu yà mí. Ẹni tí wọ́n tà, tí Ọlọ́run yọ, òun ló tún wá ra ọmọ ẹlòmíràn? Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Oko epo Ẹ̀gbá nígbà náà, ẹrú ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ náà sì ní tiwọn. Nígbà tí James Johnson ń ṣàbójútó ìjọ Abẹ́òkúta láti 1877, ó ní kí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀, inú bí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìjọ, nígbà tó sì di 1880 wọ́n gbé e kúrò.

Mo wá mọ ìdí tí apá kan nínú ẹbí wa fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí nígbà ìpàdé. Bí a bá pín ilẹ̀, ibi olókùúta ni à ń fún wọn. Èmi náà ti jẹ nínú ìpín tó dáa yẹn o, n kò sì bèèrè ìdí rí.

Mo dé Orílé Ìlúgùn

Mo lọ sí Orílé Ìlúgùn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. A gba Òṣíẹ̀lẹ̀, a kọjá Ọ̀dẹ̀dá, a yà kúrò lójú títì ọlọ́dà, ó di oko ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí ogun rọlẹ̀ láyé àtijọ́, àwọn kan padà sí orílé wọn láti máa dáko, àwọn ọmọ wọn ló ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá ọdẹ kan ni wọ́n mú mi lọ bá. Mo rojọ́ mi. Wọn kò bi mí ní orúkọ, wọn kò bèèrè ìwé. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Kí lẹ kì í jẹ?" Mo dá wọn lóhùn. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Káàbọ̀, àbúrò." Wọ́n mú mi lọ sí ìdí odò inú oríkì wa. Odò kékeré báyìí ni, àwọn ọmọdé ń fọ abọ́ níbẹ̀. Mo bu omi rẹ̀ bọ́jú. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi ọlọ àtijọ́ hàn mí, àti àpáàdì ìkòkò nínú ilẹ̀, níbi tí pèrègún hù sí. Ilé àwọn ẹni àtijọ́ nìyẹn.

Nígbà tí ẹbí tún pé láti pín ilẹ̀, ìbátan wa yẹn tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ìlúgùn ni mí, mo ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa níbí, sísá la sá wá." Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n pín ilẹ̀ náà dọ́gba-dọ́gba, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà mú níbi tó dáa. N kò sọ ìdí. Màmá nìkan ló mi orí. Bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Ariwo pọ̀ díẹ̀, àwọn kan ṣì ń bínú sí mi di òní, ṣùgbọ́n a pín in bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìwé dáa, ẹ lọ gba ti ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́wọ́ ikán. Ṣùgbọ́n bí ìyá arúgbó kan bá ṣì wà nílé yín tó ń ki yín, ẹ má ṣe dìde. Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, èyí tó dùn àtèyí tí kò dùn. Ẹni tó bá ti rí orílé tirẹ̀, kó kọ̀wé sí wa, kí àwa náà gbọ́. Ó dìgbà o.