Jẹ̀díjẹ̀dí Kọ́ Ni Gbogbo Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí a máa ti ènìyàn lójú, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti bá ìgbẹ́ jáde, "jẹ̀díjẹ̀dí ni" ni a máa ń wí, a ó sì wá àgbo lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wí fún ọdún méjì gbáko. Jẹjẹrẹ inú ìfun ńlá ni ó pa á.

Mo bi dókítà bí èmi àbúrò rẹ̀ bá wà nínú ewu. Ó fi bírò ya inú ìfun sórí ìwé fún mi. Ó ní ara ìfun kún fún ihò tíntìntín bí kànga. Ní ìsàlẹ̀ kànga kọ̀ọ̀kan ni àwọn ìyá sẹ́ẹ̀lì ń gbé, tí wọ́n ń bímọ lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ a gun òkè, wọn a ṣiṣẹ́, láàárín nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún wọn a kú, wọn a sì re dànù. Àṣẹ kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì, APC ni àwọn onímọ̀ tí wọ́n rí i ní 1991 pè é; òun ni ó ń wí pé, "Ó tó, má bí mọ́." Ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí méjèèjì bá bàjẹ́ nínú ìyá sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n dúró, èyí tí ó yẹ kí ó kú kò sì ní kú. Kànga yóò wú, yóò là sí méjì, ojú lásán kò sì lè rí i.

Púpọ̀ irú kànga bẹ́ẹ̀ kì í di nǹkan kan. Díẹ̀ a di kókó bí olú. Kókó tí yóò sì di jẹjẹrẹ a máa gbà tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìdun ẹni tí ó ní i. Ọdún mẹ́wàá! Ọmọ tí a bí lónìí yóò ti mọ ìwé kà dáadáa.

Wọ́n ti okùn rọ́bà tí ó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu bọ̀ mí nídìí. Kókó méjì ni wọ́n bá. Wọ́n fi wáyà gé wọn, n kò mọ̀ ọ́n lára. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọn ti ń yí padà, ṣùgbọ́n wọn kò tí ì di jẹjẹrẹ. Owó rẹ̀ kò kéré: àjọ tí mo fẹ́ fi ra ọjà ọdún ni mo kó sílẹ̀.

Dókítà ní ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ti ní i, kí ó má dúró ju ogójì ọdún lọ. Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi ti pé ogójì. Mo ti sọ fún un, ó ní ara òun le. Ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ yìí, mo tún ń lọ sí ilé rẹ̀.